Ibùsùn Alápàńdẹ̀dẹ̀

Òkú ni Fàòsíyà kọ́kọ́ pe ọkùnrin náà. Ó dojú bolẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ létí adágún omi tó wà lẹ́yìn Ìsúndúnrin, apá rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, lékeléke kan sì dúró nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ni, òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Táyà ọ̀kadà tó gbé ọmọbìnrin náà ti jò lójú ọ̀nà, ló bá ru àpò aṣọ ilé-ìwé tó rán fún àwọn ọmọ Ìsúndúnrin, ó gba ẹ̀bá omi kó lè tètè dé. Ó ti ń ka àdúrà tí Mùsùlùmí ń kà bó bá rí òkú nígbà tí òkú náà gbé ọwọ́ kan sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀," ó wí láì gbé orí. "Bí ẹ bá tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i, wọn ò ní balẹ̀."

Ẹ̀rù ba Fàòsíyà, lẹ́yìn náà inú bí i, nítorí kò sí ohun tó ń bí télọ̀ nínú tó kí wọ́n dá a dúró nígbà tí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ó fẹ́ la ẹnu bú ọkùnrin náà ni ojú ọ̀run bá ṣú. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni. Wọ́n ti ọ̀nà Màsífà wá, wọ́n ti ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn wá, wọ́n yí po lórí omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà wálẹ̀ bí ìyàngbò sínú igbó eèsún tó wà lódìkejì, títí tí eèsún fi tẹ̀, tí ariwo wọn kò jẹ́ kí a gbọ́ nǹkan mìíràn. Fàòsíyà ti sọ àpò kalẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́ kalẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀, kò sì lè sọ ohun tó fà á.

Ọkùnrin náà dìde, ẹrẹ̀ ń kán tótó lára rẹ̀. Kò ga, kò sì rẹwà lọ títí, ṣùgbọ́n ó ní ojú tó tutù.

"Ta ló máa fọ aṣọ yẹn fún yín?" Fàòsíyà bi í, kó lè fi nǹkan bo ẹkún tó ń sun.

"Èmi náà ni."

"Ẹ ò níyàwó ni?"

"Ẹyẹ ò jẹ́ kí n ráyè wá a," ọkùnrin náà wí, ó sì bá a gbé àpò rẹ̀ dé Ìsúndúnrin, ẹrẹ̀ ara rẹ̀ ń kán sójú ọ̀nà.

Fátóbi ni orúkọ rẹ̀. Rìwáyà ni, ẹni tí ń tún iná ọ̀kadà àti ti mọ́tò ṣe lójú ọ̀nà Màsífà nínú Ẹ̀jìgbò. Agbo ilé àwọn tí ń sin Ògìyán ni wọ́n ti bí i. Kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé bí ẹyẹ, kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀: Màmá Ooreọ̀fẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Màsífà, Tíṣà Olújídé ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àti àwọn díẹ̀ mìíràn tí wọ́n jọ wà lórí Wọ́sáàpù kan náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá rí lóòjọ́, á fi ohùn ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ohun tí o rí, sọ ọ́, ibi tí ó ń sùn, má sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibùsùn ẹyẹ, kí ó wá, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mú un débẹ̀.

Wọ́n fi Fàòsíyà kún wọn. Ní àkọ́kọ́, gbogbo ẹyẹ funfun ni lékeléke lójú rẹ̀, gbogbo ẹyẹ tó bá sì ń jẹran ni àṣá. Fátóbi kọ́ ọ pé àwòdì yàtọ̀, ẹyẹ ẹ̀ẹ̀rùn ni, àjòjì ni, á sì lọ bí òjò bá dé. Ó yá a ní awò ọ̀nà jíjìn rẹ̀, kò sì bi í nígbà tó máa dá a padà. Fàòsíyà bá a rán ṣòkòtò tuntun tí ẹrẹ̀ kò ní hàn lára rẹ̀. Ìgbà tó wọ̀ ọ́ tán, Fàòsíyà ní ó dà bí ẹni tó níyàwó wàyí. Fátóbi ní àṣìṣe ni, òun ṣì ń wá a. Ó wí báyìí, ó sì gbójú sókè bí ẹni pé ẹyẹ ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ kankan kò kọjá.

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ìfẹ́ dé. Kò sí ẹni tó kéde rẹ̀. Ọjọ́ kan ni Fàòsíyà ṣàdédé pè é ní Tóbi láì fi bọ̀dá ṣáájú, tí ọkùnrin náà dáhùn bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, bí Fàòsíyà bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, ẹ̀bá omi ni wọ́n ń pàdé.

"Níbo ni wọ́n ń lọ gan-an, bí wọ́n bá lọ?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n á kọjá aṣálẹ̀, wọ́n á kọjá òkun, wọ́n á lọ pamọ níbi tí òtútù wà. Lẹ́yìn náà wọ́n á padà sínú eèsún yìí."

"Eèsún yìí gan-an? Wọn ò ní ṣìnà?"

"Ọkàn mi, èèyàn ló ń ṣìnà."

Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ìfẹ́ a máa borí ohun gbogbo, ẹ rọra gbọ́ èyí tó kù.

Alàájì Sùlàímọ́nù ni bàbá Fàòsíyà. Ó ti wa bọ́ọ̀sì láàárín Ẹ̀jìgbò àti Abidjan títí tí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀hún, tí kò mọ ẹnì kankan, ọ̀rẹ́ kan ló gbà á sílé, tó fún un lóúnjẹ, tó sì bá a wá iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ náà ti kú. Ọmọ rẹ̀, Hamid, ń ṣòwò ní Abidjan títí di òní, Alàájì sì ti ṣèlérí pé Fàòsíyà ni òun máa fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́ ní Ẹ̀jìgbò: fọ́tò á lọ, fọ́tò á bọ̀, àbúrò ọkọ á dúró gẹ́gẹ́ bí ọkọ níbi yìgì, ìyàwó á sì wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí Alàájì gbọ́ ti Fátóbi, kò pariwo. Ó ní ọmọ dáadáa lè ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe tiwọn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ń jókòó ti ẹyẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí ni aráyé ń pe irú wọn? Fàòsíyà mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Àwọn ìyàwó ilé ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹ́yẹ.

"Sé fíní," Alàájì wí, ó parí nìyẹn. Bó bá ti fi Faransé parí ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń yí i padà.

Oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí àkókò tí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè ń palẹ̀ mọ́. Ohùn kò dákẹ́ lórí fóònù wọn. Màmá Ooreọ̀fẹ́ rí àwọn àwòdì tí wọ́n ń yí sókè lórí ilé rẹ̀, tí wọ́n sì forí lé àríwá. Tíṣà Olújídé bá àwọn àkọ̀ nínú ebè iṣu ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ni oko. Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ti sanra. Fátóbi ní ọ̀rá tí wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà ni wọ́n ń kó sára, ìgbàkígbà ni wọ́n lè lọ.

Ibẹ̀ ni Fàòsíyà ti ṣe ohun tó ṣe. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ó ń dùn ún pé ọkùnrin tó fi ọkàn fẹ́ kò jámọ́ nǹkan lójú bàbá rẹ̀. Ó rò pé bí bàbá òun bá lè rí ohun tí òun rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yóò mọ irú ẹni tí Fátóbi jẹ́. Ó fi fóònù gba fídíò àwọn ẹyẹ náà bí wọ́n ṣe ń dà sínú eèsún, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sí i pé Fátóbi rìwáyà ló mọ ibẹ̀, pé ẹ̀yìn Ìsúndúnrin ni, létí omi. Kò fi í sórí Wọ́sáàpù àwọn awòyẹ. Orí ti ẹbí ló fi í sí, níbi tí àwọn ará Ẹ̀jìgbò àti ti Abidjan wà.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò, àbúrò fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn ọkùnrin kan tí wọn kì í ṣe ará ibẹ̀ ti dé pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi àtè pa, ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ẹyẹ níyẹ́ tí kò ní lè fò mọ́. Wọ́n dúró nínú eèsún ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ju imọ̀ ọ̀pẹ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí wọ́n kó èyí tí agbára wọn ká, wọ́n ti iná bọ eèsún kí èyí tó kù lè jáde.

Fàòsíyà kò mọ̀. Iṣẹ́ aṣọ ìtúnu ààwẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀, kò ráyè dé ẹ̀bá omi. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n jókòó láti ṣínu, ìyá rẹ̀, Sàídátù, gbé àwo kan kalẹ̀ láàárín wọn. Ó ní ẹran pọ́ọ́kú ni òun rí rà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n ti dín. Alàájì ti fi dàbínù ṣínu, ó mú ọ̀kan, ó rún un tegungun-tegungun, ó ní ó dùn. Fàòsíyà wo inú àwo náà. Wọn kò gé orí wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ṣì ní ìyẹ́ gígùn méjì ti alápàńdẹ̀dẹ̀ ní ìdí.

Ó dìde láì jẹun. Ìyá rẹ̀ rò pé inú ló ń run ún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá Fátóbi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí. Kò gbójú sókè wò ó. Eérú wà lára ṣòkòtò tí Fàòsíyà rán fún un.

"Èmi ni mo ṣe é," Fàòsíyà wí.

"Mo mọ̀. Wọ́n fi fídíò náà hàn mí."

"Bú mi, Tóbi."

"Èmi ni mo mú ọ débẹ̀. Bí mo bá máa bú ẹnikẹ́ni, ara mi ni."

"Ṣe bí o ṣe fẹ́ sí mi, jọ̀ọ́, má kàn dákẹ́ báyìí."

Ìgbà náà ló tó wò ó. Ojú tó tutù náà ti gbẹ. "Mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ọ báyìí, ariwo wọn ni mò ń gbọ́. Má wá mọ́, Fàòsíyà."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ roko ẹ̀gẹ́. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò lórí Wọ́sáàpù àwọn awòyẹ. Kò sí ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni pé gbogbo wọn jọ ṣọ̀fọ̀.

Fàòsíyà gba ààwẹ̀ rẹ̀ parí. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: ó ń rán aṣọ, ó ń kí oníbàárà, ó ń kírun, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ti kú nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìtúnu, ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó ní òun ti gbà, kí wọ́n fi òun fún Hamid. Inú Alàájì dùn. Kò bi í ní ìdí. Lọ́kàn Fàòsíyà, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni.

Hamid bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù. Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé ọkùnrin náà dára. Ó bi í bóyá ó fẹ́ràn àwọ̀ ewé tàbí ti ojú ọ̀run, nítorí òun ń kun yàrá. Ó ní òun ti wá àyè ẹ̀rọ ìránṣọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Fàòsíyà á ní èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́, á sì sunkún bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ yìgì pé. Àbúrò Hamid ti jókòó sí àyè ọkọ nínú àgbàlá. Bí àṣà wa, àáfà mú ẹlẹ́rìí méjì lẹ́yìn, ó wọ yàrá wá bi ọmọge bóyá ó gbà. Ọmọge kì í sábà dáhùn. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ìtìjú ni, wọ́n á kà á sí pé ó ti gbà, àáfà á sì jáde lọ so yìgì.

Àáfà bi í. Fàòsíyà tẹ orí ba. Ó dákẹ́. Àáfà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ẹlẹ́rìí, ó yí padà sí ẹnu ọ̀nà.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Fàòsíyà ti rí yàrá tí ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ń kùn dè é. Ẹni tó bá ṣẹ̀ lè fi ara rẹ̀ jìyà. Kí ló dé tó fi máa fi ọmọ ọlọ́mọ jìyà? Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

"Àáfà," ó wí, "mi ò gbà. Ẹ má bínú. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ."

Àáfà jáde lọ sọ ọ́ fún wọn ní àgbàlá. Ẹ fi ojú inú wo ìtìjú Alàájì láàárín àlejò. Kò na ọmọ rẹ̀, kò sì ṣépè. Ó kàn ní òun kò fẹ́ rí i nínú ilé òun mọ́. Màmá Ooreọ̀fẹ́ ló fún un ní yàrá ní Màsífà. Hamid pe Alàájì láti Abidjan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má lé ọmọ nítorí òun, pé òun náà kò fẹ́ ìyàwó tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Alàájì gbọ́, kò sì ṣe nǹkan kan.

Òjò dé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Fàòsíyà ń lọ sí ẹ̀yìn Ìsúndúnrin. Ilẹ̀ tó jó ti di ẹrẹ̀ dúdú. Ó ń gé ọ̀pá eèsún wá láti ibòmíràn, ó ń gbìn ín. Kì í ṣe ìrètí ló fi ń gbìn ín. Ọwọ́ rẹ̀ kò kàn lè dúró lásán. Tíṣà Olújídé rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì sọ ọ́ fún Fátóbi.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Fàòsíyà gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"O gbìn wọ́n súnmọ́ra jù."

Kò yíjú padà. "Ẹ wá kọ́ mi, nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ 'ẹ' yẹn dun Fátóbi ju bó ṣe rò lọ. "Wọ́n lè má padà wá mọ́," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o fi ń gbìn ín?"

"Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, Tóbi."

Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jọ gbìn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, wọn kò sì sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Fátóbi bá a nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀. Ó ní òun gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kò ṣeé ṣe.

Eèsún hù. Ó ga ju èèyàn lọ nígbà tí òjò fi ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn awòyẹ padà sórí fóònù wọn, gbogbo wọn sì ń retí. Lékeléke dé. Àwòdì dé. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, Fátóbi àti Fàòsíyà á jókòó létí omi, alápàńdẹ̀dẹ̀ kò sì wá. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, wọn kò wá. Bóyá wọ́n ti kú tán, bóyá wọ́n ti wá ibòmíràn, kò sí ẹni tó lè sọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: wọ́n rí i kedere pé eèsún lásán ni àwọn ń ṣọ́.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ooru ti ń mú, Alàájì Sùlàímọ́nù sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà létí omi náà. Fátóbi dọ̀bálẹ̀, Fàòsíyà kúnlẹ̀. Alàájì jókòó sórí òkúta, ó wo ojú ọ̀run títí oòrùn fi wọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Mo tún wo fídíò yẹn," ó wí níkẹyìn. "Ìyá rẹ ló fi hàn mí. Nígbà tí o fi í ránṣẹ́, mi ò wò ó dópin. Ohùn rẹ ni mo gbọ́ lánàá, bí o ṣe ń fi ọkùnrin yìí yangàn." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹun tán. "Mo jẹ nínú wọn, Fàòsíyà. Ó dùn lẹ́nu mi. Ìwọ jókòó níwájú mi, mo sì ní ó dùn."

"Ẹ ò mọ̀, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ ní ìdí tí o fi dìde láì jẹun." Ó kọjú sí Fátóbi. "Bàbá bàbá mi ló gba ẹ̀sìn tí à ń ṣe. Àwọn tó bí i, Ògìyán ni wọ́n ń sìn bíi tiyín. Kó àwọn èèyàn rẹ wá sílé mi."

Wọ́n wá. Àáfà àdúgbò ní òun kò ní so irú yìgì bẹ́ẹ̀, kò sì wá, nítorí náà ìdána ni wọ́n ṣe nínú àgbàlá, ìdílé méjèèjì àti àwọn awòyẹ mélòó kan. Àwọn ìyàwó ilé mìíràn ti ilẹ̀kùn wọn. Sàídátù sunkún nígbà tó ń súre. Alàájì mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé Fátóbi lọ́wọ́, ó gbàdúrà, kò sì sọ Faransé kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó lọ sílé, tọkọtaya náà gba ẹ̀yìn Ìsúndúnrin pẹ̀lú aṣọ ìdána lọ́rùn wọn. Àkókò tí ẹyẹ ń palẹ̀ mọ́ ti tún dé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ eèsún tí wọ́n gbìn, ó ga, ó tutù, kò sí ẹyẹ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Fàòsíyà sunkún. Fátóbi kò sọ fún un pé kó má sunkún.

"Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"A ó wá."

"Bí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"A ó wá."

Wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà wọ́n jọ lọ sílé.